Ṣé Purotéènì Inú Agolo Pé Bí Wọ́n Ṣe Kọ Ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra purotéènì whey (ìyẹ̀fun purotéènì tí wọ́n ń yọ lára mílíìkì) ní Kútọ̀. Ara agolo ní ṣíbí gíráàmù 30 kan ní purotéènì gíráàmù 24. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni? – Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n wọn ṣíbí náà, torí ìyẹ̀fun tó fúyẹ́ lè má pé gíráàmù 30.

Inú àyẹ̀wò gan-an ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Ọ̀nà Kjeldahl, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò purotéènì, kì í wọn purotéènì fúnra rẹ̀. Náítírójìn inú rẹ̀ ló ń wọn, wọ́n á wá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 6.25 láti fi mọ iye purotéènì, tàbí 6.38 fún ohun tó wá láti ara mílíìkì. Glycine (ọ̀kan lára àwọn amino acid, ìyẹn èròjà kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì) àti taurine tó jọ ọ́ náà ní náítírójìn, owó wọn sì kéré sí ti whey. Bí wọ́n bá bu gíráàmù glycine kan sí i, àyẹ̀wò á kà á sí purotéènì bíi gíráàmù 1.17! Irú ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi da melamine, kẹ́míkà tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, sínú mílíìkì ní Ṣáínà, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2008.

Torí náà, bí ẹ bá rí glycine tàbí taurine lára àwọn èròjà láìsí iye, ẹ má rà á. Ẹ wo leucine, amino acid mìíràn, pẹ̀lú: gíráàmù 24 purotéènì whey yẹ kó ní bíi gíráàmù 2.5 rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ẹ ní kí wọ́n wọn amino acid tó dá dúró (èyí tí kò sí lára purotéènì) lọ́tọ̀.