Ẹ̀rọ áísìkirīmù nínú The Mandalorian kẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi sọ pé nǹkan tí wọ́n kó beskar, irin tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ ogun, sí nínú The Mandalorian, eré Star Wars orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ̀rọ áísìkirīmù lásán ni. Ṣóòótọ́ ni àbí ó kàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò parọ́ fún ẹ o. Nínú fíìmù Star Wars tọdún 1980, ọkùnrin kan sáré kọjá tòun ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po áísìkirīmù nílé, fìrí báyìí ni, àmọ́ àwọn olólùfẹ́ fíìmù yẹn ò gbàgbé ẹ̀ láéláé, ìgbà tí wọ́n wá ṣe The Mandalorian lọ́dún 2019 ni wọ́n bá gbé irú ẹ̀ padà, wọ́n pè é ní camtono, wọ́n ṣí i, beskar ló tò sínú ẹ̀ tó ń dán gbinrin.

Ti aṣọ gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun táwọn sójà inú eré náà (stormtrooper) ń wọ̀ ò kárí, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ 501st Legion, àwọn tó máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe aṣọ yẹn torí ìfẹ́ lásán, oníkálukú gbé tiẹ̀ wá, wọ́n wọ̀ ọ́ ṣeré!

Aṣọ irin ti Mando, akọni eré náà fúnra ẹ̀, ń kọ mànà bíi dígí, tí wọ́n bá ta aṣọ gíríìnì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ àwòrán ẹ̀yìn sẹ́yìn ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ lá di gíríìnì, ara ìdí tí wọ́n fi lo ògiri LED tó ń gbé àwòrán jáde nìyẹn.