Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tó ń dì: ohun tí ojú mi rí

Arábìnrin wa tó béèrè ìdí tí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fi ń dì bí òkúta láìjẹ́ pé omi dà sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ń gbé e sí àti ṣíbí tí ẹ fi ń bù ú. Ìṣòro yìí gan-an bá mi fínra fún ọdún 2 gbáko nílé wa n'Ìbàdàn.

Mo máa ń ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jà nítorí pé ó dínwó, màá sì dà á sínú ike ńlá kan tí mo gbé ka orí pẹpẹ lókè sítóòfù. Bí mo bá ń se ẹ̀kọ òwúrọ̀ fún àwọn ọmọ, ṣíbí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ro ẹ̀kọ ni mo fi ń bù ú, ike náà yóò sì wà ní ṣíṣí títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀, tí ooru ìkòkò ń wọ inú rẹ̀, tí n kò sì fura. Nígbà tí ó fi di oṣù Keje, tí òjò kò dá mọ́, ọ̀bẹ ni mo fi ń gún un kí n tó rí i bù, nígbà tí mo sì gbé e sí imú, ó ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò. Ohun tí mo dànù lọ́jọ́ náà lé ní kílò 2, ó sì dùn mí wọ eegun.

Mílíìkì yìí máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ àti ooru a sì máa ba ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ fi ń pẹ́ ju ọlọ́ràá lọ. Ìgò kékeré onídèérí líle ni mo ń bu ti ọ̀sẹ̀ kan sí báyìí, ìyókù sì wà nínú láílọ́ọ̀nù rẹ̀ tí mo so ẹnu rẹ̀ pinpin, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí iná, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo ṣí i ní kíkọ sára. N kì í gbé e sí fíríìjì, torí bí a bá ti ń gbé e wọlé gbé e jáde ni omi yóò máa sẹ̀ sí i lára.

Bí mo bá fẹ́ pò ó, omi tútù díẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi ki bí ògì, kí n tó da ìyókù sí i. Omi gbígbóná a máa mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ dì, kí inú rẹ̀ sì wà ní gbígbẹ.

Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní mílíìkì àgbà yìí. Mílíìkì ọmọ ọwọ́ pàápàá lè ní kòkòrò àrùn nínú, nítorí náà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí omi tí a ó fi pò ó má tutù ju 70°C lọ, kí a wá jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọmọ tó mu ún. Èyí tí ọmọ kò bá mu tán láàárín wákàtí 2, ẹ dà á nù, bó ti wù kó dùn yín tó.