Ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹja wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ẹ ti gbé tápólì, rọ́bà tí à ń fi ṣe adágún ẹja, kalẹ̀ sẹ́yìn ilé ní Òkè-Baálẹ̀, ẹ fẹ́ kó ọmọ ẹja àrọ̀ 500 sí i, ẹni tó fẹ́ tà á fún yín wá ní kẹ́ ẹ má ra irú tí wọ́n ń pè ní Clarias, pé Hetero, ìyẹn Heterobranchus, ni kẹ́ ẹ rà torí ó máa ń tètè tóbi, ẹ wá ń béèrè pé èwo ló dáa jù nínú Clarias, Hetero àti haibúrídì, ìyẹn àdàpọ̀ àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe rí "tètè tóbi" yẹn báyìí, àyà mi já pà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mú èmi náà nìyẹn.

Lọ́dún 2019 mo ra 1,000 lọ́wọ́ ọkùnrin kan lọ́nà Ìkìrun. Ó ní haibúrídì ni gbogbo ẹ̀, oṣù mẹ́rin péré mo ti ń tà. Alẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó kó wọn fún mi, inú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí wọ́n gé orí ẹ̀ ló kó wọn sí, omi ẹ̀ dúdú, mi ò rí nǹkan kan ju irùngbọ̀n tó ń yọ sókè lọ. Mi ò mọ̀ pé ṣe ló ro ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀ mọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tó tún fi àwọn tó ti ràn tí àwọn oníbàárà ṣà kù kún un. Ọ̀sẹ̀ kìíní dáa. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹja ń dín kù, bẹ́ẹ̀ òkú kankan ò léfòó. Mo ní ẹyẹ ni, mo ra nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó tún ń dín kù. Mo wá fura sí ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò tíì lè sọ fún un títí dòní.

Àfìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní nǹkan bí aago méjì òru. Mo rí ọ̀kan tó gùn tó ìka àárín mi, ó ti gbé ẹnìkejì ẹ̀ mì dé ìdajì, ìrù èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ ṣì ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń juwọ́ sí mi. Kò lè gbé e mì tán, kò sì lè pọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn méjèèjì ti kú, ìkan lẹ́nu ìkan. Ṣúùtà là ń pe irú wọn, àwọn tó ti ṣáájú ẹgbẹ́ wọn tóbi, tó wá ń fi ẹgbẹ́ ṣe oúnjẹ. Ẹja yòówù kẹ́ ẹ rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọn ò bá dọ́gba, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo wá pe ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ní ògbógi ni. Ó gba owó ọkọ̀, ó gba owó àyẹ̀wò, àyẹ̀wò tó jẹ́ pé ojú lásán ló fi ṣe é, ó dúró lókèèrè kí bàtà ẹ̀ má bàa rẹ, ó ní atẹ́gùn ni wọn ò rí mí sínú, kí n lọ ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi. Ẹja àrọ̀! Àrọ̀ tó máa ń yọrí mí atẹ́gùn òkè fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ lè fi àpò tútù dì láti Òkè-Fìà dé Ìwó kó ṣì máa jà nígbà tẹ́ ẹ bá tú u. Mo ra ẹ̀rọ náà. Ó tún ní kí n tú kápúsù tí èèyàn ń lò sómi, mo tú u. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo ni mo pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn.

Òru ọjọ́ kan, kò síná, mo gbọ́ ìró kan láti yàrá mi, pọ̀, pọ̀, pọ̀, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí ewé kókò. Ẹnu ẹja ni. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán nínú omi bí ìgò, ẹnu lókè, ìrù nísàlẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ tápólì, ọwọ́ mi yọ̀ bí ẹni ki í bọ ewédú, ó sì ń rùn bí ìtọ̀ tó sùn. Fíìdì, oúnjẹ ẹja, tí wọn ò jẹ tán àti ìgbẹ́ wọn ló jẹrà síbẹ̀, amóníà, oró tó ń jáde lára ìdọ̀tí yẹn, ló ń jó wọn. Ẹ̀rù bà mí, dípò kí n fa omi kànga, mo ṣí ẹ̀rọ omi ìjọba sí i ní tààrà. Kòlóríìnì inú ẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ló bá mi parí iṣẹ́. Òkú 312 ni mo kà nígbà tílẹ̀ mọ́, nínú 1,000. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi apẹ̀rẹ̀ kó wọn, èyí gan-an ló dùn mí jù.

Torí náà omi ìjọba, ẹ jẹ́ kó dúró sílẹ̀ lódindi ọjọ́ kan ó kéré tán kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ má bo orí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sórí irú ẹja. Wọn pọ̀ o, ẹja onírùngbọ̀n yìí ju irú 3,000 lọ láyé. Ọ̀bọ̀kún tí wọ́n ń pa ní Ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn, òjìjí wà nínú wọn, ìyẹn tí iná ara ẹ̀ lè tó 350 volt, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á sọ̀rọ̀. Àwọn tí à ń sìn níbí ni Clarias àti Heterobranchus, tí wọ́n bá wá fi ọ̀kan gun èkejì, haibúrídì nìyẹn. Ẹ̀yìn wọn lẹ ó fi mọ̀ wọ́n. Clarias, lẹbẹ kan ṣoṣo ló gùn lẹ́yìn ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ orí títí dé ìdí ìrù. Hetero, méjì ni, tàkọ́kọ́ ní egungun tín-ín-rín bí abẹ̀bẹ̀, ó máa dúró, èkejì tó kì bí ọ̀rá á wá tẹ̀ lé e. Haibúrídì, ọlọ́ràá yẹn máa ń kéré sí ti Hetero gidi. Ẹ bu wọ́n sínú ike funfun, ẹ gbé e síta oòrùn, ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá ń kánjú nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á bá yín kó àrọ̀ láti odò Ọ̀ṣun lọ́fẹ̀ẹ́. Yàtọ̀ sí pé àwọn awakùsà ti ba omi odò yẹn jẹ́, ẹja Ọ̀ṣun kì í ṣe ohun tí à ń pa ní Òṣogbo, ẹ ṣáà mọ ibi tí orúkọ Àtáója ti wá, a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Mo mọ ẹni tó ṣe é, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè yín gan-an, mo ti ń gbàgbé. 500 àkọ́kọ́ yẹn, Clarias ni kẹ́ ẹ rà. Kì í ṣe pé haibúrídì ò dáa, òun ni mo ń sìn báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á láìparọ́ ò pọ̀, Clarias le lára, ó sì wà káàkiri. Ẹ ra jùfẹ́náì, ìyẹn ọmọ ẹja tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ má ra èyí tó kéré jù, kí gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kẹ́ ẹ máa ṣa àwọn tó ti ń ga jù kúrò, ẹ ní ike ńlá méjì nílẹ̀ fún un. Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lẹ máa retí kó tó tà fún àwọn onípẹpẹ súùpù. Fíìdì àti bí wọ́n ṣe ń fún wọn, ìyẹn ò le.

Ṣé ẹ ti fọ tápólì tuntun yẹn? Ẹ pọn omi sí i, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, òórùn ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹja tó fẹ́ tà fún yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ síbí ká wò ó. Tó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ní kẹ́ ẹ wá gbé e, ẹ má lọ.