Ọ̀sán ni kí ẹ dán prósẹ́sọ̀ yín wò, kì í ṣe òru

Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi rèé: prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 3600 lórí bọ́ọ̀dù B450, fáànù kékeré tó bá a wá nínú páálí, ẹ sì gbé eré prósẹ́sọ̀ náà kọjá bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é (overclocking), ó dé 4.3 GHz pẹ̀lú fólítéèjì 1.4. Lóru, wẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá di aago méjì ọ̀sán nínú yàrá yín ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, á dé dígírì 95, eré rẹ̀ á já wálẹ̀, nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á kú pátápátá. Prósẹ́sọ̀ yín ò bàjẹ́. Fólítéèjì ló pọ̀ jù, fáànù ò gbé e, yàrá sì gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí yàrá bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe fídíò láti ìlú òtútù kì í mẹ́nu bà á. Fáànù ò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Ká ní iṣẹ́ tó le ń fi dígírì 55 lé ooru yàrá: yàrá tó jẹ́ 24 lóru á fún yín ní 79. Yàrá yẹn kan náà, lọ́sàn-án oṣù kejì, tí páànù òrùlé ti ń jó, tó wá di 36, á fún yín ní 91, ẹ ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú BIOS (ibi tí ẹ ti ń yí eré àti fólítéèjì padà kí Windows tó tàn) o! Ìdánwò tí ẹ ṣe lóru ò jámọ́ nǹkan. Láàrin aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, kí kéèsì wà ní dídé bó ṣe máa ń wà.

Ní ti fólítéèjì, ipa rẹ̀ lórí ooru tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti eré. Eré tí ẹ bá fi 5 kún nínú 100, ooru á fi nǹkan bí 5 kún un. Ṣùgbọ́n láti 1.25 sí 1.4, tí kò ju 12 nínú 100 lọ, nǹkan bí 25 nínú 100 ni ooru fi ń lé sí i. Kí lẹ sì rí gbà níbẹ̀? Prósẹ́sọ̀ yìí ń dá dé 4.2 GHz fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ bá fúyẹ́. Èrè 0.1 GHz ò tó ooru yẹn.

Kí ẹ tó kan BIOS, ẹ pààrọ̀ thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ lọ sí irin fáànù), pàápàá bí ẹ bá ti tú fáànù náà rí tí ẹ sì dá a padà pẹ̀lú èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lo kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 15 kó gbóná díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná. Ẹ tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Ẹni tó bá fà á lójijì á fa prósẹ́sọ̀ yọ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ wínníwínní abẹ́ rẹ̀ á sì tẹ̀. Ọtí isopropyl ni kí ẹ fi nù ún. Kẹrosíìnì? Rárá. Paste tuntun tó hóró ẹ̀wà kan láàrin ti tó.

Nínú BIOS, ẹ dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà, ẹ fi RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) sílẹ̀ láìsí XMP (ètò tó ń mú RAM sáré sí i) fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ fi ratio (iye tó ń sọ eré; 42 ni 4.2 GHz) sí 42, fólítéèjì sí 1.25. Ẹ ṣí HWiNFO64 (tó ń fi ooru hàn), ẹ sá Cinebench R23 (tó ń fún prósẹ́sọ̀ ní iṣẹ́ tó le) fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá gan tàbí tó tún ara rẹ̀ tàn, ẹ fi 0.0125 kún fólítéèjì, ẹ tún un ṣe. Bí 1.30 ò bá gbé e, ẹ sọ̀ ọ́ sí 41, ẹ má bá a jà. Ooru tó bá kọjá 85 lọ́sàn-án, ẹ dúró. Ẹ wo Event Viewer (àkọsílẹ̀ àṣìṣe inú Windows) náà: bí WHEA (àṣìṣe láti ara ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) bá hàn níbẹ̀, kò tíì dúró, bí kò tilẹ̀ kú.

Bí owó bá wà, fáànù onílé gíga (tower cooler) tó ní páìpù mẹ́rin àti abẹ̀bẹ̀ 120 mm ni kí ẹ rà. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn olómi (èyí tó ń fi omi mú prósẹ́sọ̀ tutù): omi náà ò lè tutù ju yàrá lọ, bí pọ́ńpù bá sì kú, odidi rẹ̀ lẹ ó pààrọ̀.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ mú bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kó má sáré kọjá agbára rẹ̀.

Nígbà mìíràn kì í ṣe eré ló ń pa á. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì nígbà tí ooru ò tíì tó 80, ẹ fura sí iná, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe lórí UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ) tó gbé e dáadáa kí ẹ tó fi kún fólítéèjì.

Bí kọ̀ǹpútà bá sì kọ̀ tí kò fi nǹkan kan hàn lójú, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dá a padà. Gbogbo ohun tí ẹ yí nínú BIOS á padà sí bó ṣe wà.