Okùn méjì kì í pín ẹrù sí ìdajì-ìdajì

Okun o, àbúrò mi. O ní ẹrù 20 kg so rọ̀ lára okùn méjì, ọ̀kan dá igun 30° sí ìbú, èkejì 60°. O wá ń bi wá bóyá 10 kg ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rárá o. Irú èrò yẹn ló ba agogo ìjọ wa jẹ́ ní Kábbà.

Agogo náà tó 40 kg. A ta okùn láti ara igi máńgòrò kan sí èkejì, a fà á le gbandi, torí a rò pé bó bá ṣe le tó ni yóò lágbára tó. Okùn yẹn ti fa àpò sìmẹ́ńtì 50 kg lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìmọye ìgbà. A fi agogo kọ́ àárín rẹ̀, ó já. Agogo sán. Ó ṣì ń dùn mí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó mú báírò. Má ya igi rárá. Kókó tí okùn ti so mọ́ ẹrù nìkan ni kí o yà, kó dá wà, kí o wá fi ọfà ya ohun gbogbo tó ń fà á: ẹrù nísàlẹ̀, okùn kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Okùn kì í ti nǹkan, fífà ló mọ̀, nítorí náà ọfà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jáde kúrò lára kókó. Kókó ò sì lọ síbì kankan, ìyẹn ni pé ìfà òsì àti ti ọ̀tún dọ́gba, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ náà dọ́gba.

Agogo wa: 40 × 9.8 (ìfà ilẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan) = 392 N (níútìnì, òṣùwọ̀n ìfà). Igun okùn sí ìbú ò ju 10° lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Pe ìfà inú okùn ní T; sin ló ń fún wa ní apá rẹ̀ tó lọ sókè, cos ní èyí tó lọ sí ẹ̀gbẹ́. 2T sin 10° = 392, T sì di bíi 1,130 N. Ìwọ̀n 115 kg nìyẹn lórí okùn tí a rò pé 20 kg ló gbé! Ká ní a jẹ́ kó rọ̀ dé 60° ni, 226 N péré ni ì bá jẹ́.

Tìrẹ wá rèé. Ẹrù jẹ́ 196 N. Pe ìfà okùn 30° ní T₁, ti okùn 60° ní T₂. Ní ìbú, T₁ cos 30° = T₂ cos 60°, T₂ jẹ́ 1.73 T₁. Ní òòró, T₁ sin 30° + T₂ sin 60° = 196. T₁ jẹ́ 98 N, T₂ bíi 170 N. Èyí tó nàró jù ló gbé púpọ̀. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé àròpọ̀ wọn ju 196 lọ. Apá kan ìfà wọn, ara wọn ni wọ́n ń fi fà.