Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, ó wà ní Pírámárì 3. Ó mọ̀wé kà dáadáa, àmọ́ kò fẹ́ràn ìwé rárá. Mo ra ìwé ìtàn mẹ́rin fún un nígbà ìsinmi, mo ní kó máa ka ojú ewé márùn-ún lójúmọ́ kó tó wo tẹlifíṣọ̀n. Tó bá kà á tán, mo máa ń bi í ní ìbéèrè kí n lè mọ̀ bóyá ó yé e. Ẹkún ló máa ń já sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, abẹ́ tìmùtìmù àga ni mo ti bá méjì nínú àwọn ìwé náà. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn sílẹ̀, pé ìwé tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò ni kó gbájú mọ́. Láìbúrárì wà ní ilé ìwé wọn, ṣùgbọ́n títì ló máa ń wà. Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé tí a bá wọ Máíkírà lọ sí Bódìjà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́: gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò àti sára ṣọ́ọ̀bù ló máa ń kà sí mi létí. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ìbàdàn

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹni tó lè ra ìwé mẹ́rin fún ọmọ lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí báyìí, ọ̀rọ̀ ọmọ náà jẹ ẹ́ lógún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá yín sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀.

Ẹ tún lẹ́tà yín kà, kí ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ Máíkírà yẹn. Ẹ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ kékeré, òun gan-an ló mú kí n mú lẹ́tà yín láàárín àwọn yòókù. Ọmọ tó ń ka ara mọ́tò láti ilé títí dé Bódìjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, ọmọ yẹn fẹ́ràn ìwé kíkà. Ohun tí kò fẹ́ ni ohun tí ìwé ń kó bá a nílé. Nínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tó máa kà. Tí ọ̀rọ̀ kan bá le, á fò ó. Tí òmíràn bá pa á lẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Tó bá délé, wọ́n á ka ojú ewé fún un bí ẹni ń ka iṣu fún alágbàtà, ìbéèrè á tẹ̀ lé e, ẹkún á tẹ̀ lé ìbéèrè. Èmi náà ì bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pàlọ́ fún wa. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a ti jẹun tán, ìyá àgbà á ní, "Àlọ́ o!", àwa náà á fi ariwo dáhùn pé, "Àlọ̀!" A lè ti gbọ́ ti Ìjàpá tó lọ sí ilé àna rẹ̀ nígbà ogún, a ó ṣì ní kí wọ́n tún un pa, a ó sì máa gbe orin rẹ̀ bí ẹni pé a ò mọ ibi tó máa já sí. Òótọ́ ni pé ìyá àgbà lè fi ẹ̀kọ́ kan kádìí rẹ̀, àmọ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó dìde dúró kó sọ orúkọ ìyàwó Ìjàpá. Bẹ́ẹ̀ ìdí àlọ́ yẹn ni a ti kọ́ bí ìtàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń lọ́, àti bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mú ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ kó má lè dìde.

Nítorí náà, láti alẹ́ òní, ẹ dáwọ́ ìbéèrè yẹn dúró. Ẹ dáwọ́ ojú ewé márùn-ún náà dúró. Ẹ má sì fi tẹlifíṣọ̀n ṣe èrè ìwé mọ́, torí ohun tí ọmọ ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé ni ìyà, tẹlifíṣọ̀n ni ìgbádùn. Dípò ìyẹn, ẹ jókòó tì í kó tó sùn, kí ẹ̀yin ka ìwé fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, á sọ. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ìbéèrè kan ni èmi ní fún yín. Ìwé mẹ́rin tí ẹ rà yẹn, ta ló yàn wọ́n? Ẹ̀yin ni, mo mọ̀. Owó yín sì ni, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn yín tí kò bá kà wọ́n tán. Ibí yìí gan-an ni láìbúrárì ti wúlò ju ṣọ́ọ̀bù ìwé lọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìwé láìbúrárì, ọmọ lè ṣí i, kó ka ìlà mẹ́ta, kó rí i pé kò dùn, kó dá a padà, kó mú òmíràn. Kò ba owó ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án kó tó bá èyí tó máa gbé e lọ. Ìyá wo ló lè ra ìwé mẹ́sàn-án kí ọmọ lè jù wọ́n sílẹ̀?

Mo rí ọmọkùnrin kan ní láìbúrárì lọ́jọ́ Sátidé kan, á tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti bọ́ sáńdáàlì rẹ̀, ó nà sórí ẹní, ìwé ẹranko wà níwájú rẹ̀, ojú ewé tí àwòrán ọ̀nì wà ló sì ṣí. Ó ń fi ìka ka eyín ọ̀nì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dìde, ó lọ wo ìwé mìíràn, ó padà sídìí ọ̀nì. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń tò ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán pọ̀. Lójijì ló kígbe pe ọmọ kejì: "Wá wò ó, ó ń gbé òkúta mì!" Obìnrin tó mú un wá ti fẹ́ ní kó lọ mú ìwé tó ní ọ̀rọ̀ dáadáa nínú, ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá rọra fi ọwọ́ sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ràn òṣìṣẹ́ yẹn. Ọmọ tó ti mọ̀ pé ìwé ló sọ fún òun pé ọ̀nì ń gbé òkúta mì, á padà wá béèrè ohun tí ejò àti ẹkùn ń ṣe.

Ìbàdàn tí ẹ wà yìí kì í sì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni UNESCO ti kó àwọn onímọ̀ jọ ní 1953 láti jíròrò bí láìbúrárì ìlú ṣe máa gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bímpé Abọ́yadé, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ láìbúrárì ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá Abadina Media Resource Centre sílẹ̀ ní Abadina, àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké yunifásítì ń gbé, kí àwọn ọmọdé ibẹ̀ lè ní ibi tí wọ́n ti máa fọwọ́ kan ìwé. Nígbà tó sì di 1994, tí UNESCO àti IFLA, ẹgbẹ́ láìbúrárì àgbáyé, to iṣẹ́ láìbúrárì ìlú lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí wọ́n fi ṣáájú ni pé kó mú kí ìwé kíkà mọ́ ọmọ lára láti kékeré. Ẹ wádìí èyí tó sún mọ́ yín, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ti yunifásítì tàbí ti ìjọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí fún ọmọdé àti ohun tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó yá ènìyàn ní ìwé lọ sílé. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kà á, ẹ ṣì lọ.

Ti láìbúrárì ilé ìwé tó wà ní títì yẹn, ó kàn mí lára. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ débẹ̀, mo máa ń rí ẹ̀yìn àwọn ìwé náà, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ìkankan. Wọ́n ní a máa fà wọ́n ya. Ó ṣì ń dùn mí. Ìgbà tí mo dé sẹ́kọ́ńdìrì, tí ọ̀rẹ́ mi yá mi ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti bọ́, tí ojú ewé àkọ́kọ́ sì ti sọnù, ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn lè gbàgbé oúnjẹ nítorí ìwé.

Ẹ̀rù ló ń ba àwọn olùkọ́ yẹn, ẹ má bá wọn jà. Tí ìwé bá dín, ọrùn wọn ni ọ̀rọ̀ máa wà. Tí ẹ bá dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ má ní kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀. Ẹ tọrọ páálí kan péré fún kíláàsì Àbẹ̀kẹ́, ogún ìwé. Ẹ̀yin àti ìyá méjì mìíràn ẹ mú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wá, kí ẹ fi bo èèpo wọn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun wà lóde, kí ẹ kọ orúkọ ìwé síbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ fi sẹ́lótéèpù di èyí tó ti ń ya. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó: orúkọ ọmọ, orúkọ ìwé, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó dá a padà. Ọmọ Pírámárì 5 méjì lè máa bójú tó o ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa mú un ní pàtàkì. Òmíràn máa ya. Ẹ jẹ́ kó ya. Ikán náà ń jẹ èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ ò sọ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé mẹ́rin yẹn, ọkàn mi sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ẹ wá ti Yorùbá mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rù pé á fa ọmọ sẹ́yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ gbogbo, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àmì ohùn lè kọ́kọ́ dá Àbẹ̀kẹ́ dúró. Ẹ jọ kà á sókè, ohùn yín ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Ní ti bàbá rẹ̀, ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ kàn rán wọn létí pé àyọkà máa ń wà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, àti nínú ti Yorùbá pàápàá, àti pé ọmọ tó ti ń ka ogójì ojú ewé fúnra rẹ̀, àyà rẹ̀ kò ní já nítorí ìdajì ojú ewé. Tí wọ́n bá ṣì ń kọminú, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn gan-an mú un lọ sí láìbúrárì ní Sátidé àkọ́kọ́. Bàbá tó bá rí ọmọ rẹ̀ lórí ẹní níbẹ̀ kò ní nílò àlàyé mi.

Lọ́jọ́ náà, ẹni yòówù kó mú un lọ, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé. Ó lè mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwòrán kún inú rẹ̀, tí ẹ̀yin mọ̀ pé ti ọmọ Pírámárì 1 ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mọ́ra. Ó lè mú èyí tó tóbi jù ú lọ, kó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ tún mú ọ̀rọ̀ mọ́ra. Tí ẹ bá wá délé, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ orúkọ ìwé tó mú fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an ni.