Ẹ pa iná gáàsì yẹn kí ẹ tó sùn: lórí omi inú ọkọ̀ campervan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Inú ọkọ̀ campervan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí, à ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Láti ìgbà tí òtútù ti dé, ara irin ọkọ̀ máa ń tutù rinrin láràárọ̀, omi á máa ṣàn lójú fèrèsé, abẹ́ fóòmù tí à ń sùn lé sì ti ń bu. Ọkọ mi ní òrùlé ló ń jò. Ó ti fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú rẹ̀, pàbó ló já sí. Ní báyìí, a máa ń tan sítóòfù gáàsì fún bíi wákàtí kan kí a tó sùn kí inú ọkọ̀ lè gbẹ, a sì máa ń ṣí fèrèsé kan díẹ̀. Gọ́ọ̀mù wo ló dára jù? Orí máa ń fọ́ àwa méjèèjì tí a bá jí, àmọ́ mo rò pé bẹ́ẹ̀dì tó há yẹn ló fà á. Ó máa ń lọ tí a bá ti rìn díẹ̀ níta.

Ìdáhùn: Ẹ má ra gọ́ọ̀mù kankan. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ló bà mí lẹ́rù. Tí orí bá ń fọ́ ẹni méjì pọ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dáná gáàsì níbi tí wọ́n sùn, tó sì ń lọ tí wọ́n bá jáde, carbon monoxide, èéfín olóró tí iná ń tú jáde, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má tan sítóòfù yẹn fún ìgbóná mọ́, láti alẹ́ òní lọ. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe fún un ní tààrà, kí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo oxygen: kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín oxygen àti carbon monoxide nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè gbé nọ́ńbà tó dára jáde fún ẹni tí májèlé yìí ti wọ̀ lára. Bí ẹ bá lóyún, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Èmi kì í ṣe dókítà, n ò sì rí ọkọ̀ yín. Gáàsì àti hítà inú ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi.

Àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ mi máa ń sọ pé, "Tí gáàsì bá wà, a máa gbóòórùn rẹ̀." Ẹ ò lè gbóòórùn carbon monoxide! Òórùn burúkú tí ẹ mọ̀ mọ́ gáàsì, ńṣe ni wọ́n fi sí i, kí èèyàn lè tètè mọ̀ tí sìlíńdà bá ń jò. Tí gáàsì bá ti jó, òórùn náà ti bá a jó. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ọ̀fun. Iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti jó dáadáa ló ń tú u jáde, òun náà ló sì wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èédú. Tó bá dénú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè oxygen, ó sì fi ohun tó lé ní ìlọ́po 200 lágbára jù ú lọ láti dì mọ́ ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti sùn lọ kò ní mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ sàn ju kí ó tì pa lọ, àmọ́ kò sọ sítóòfù di hítà. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń mí ni sítóòfù ti ń fa afẹ́fẹ́, ibẹ̀ náà ló ń tú èéfín sí. Àwọn tó ń ṣe fídíò àbẹ́là lábẹ́ ìkòkò amọ̀, tí wọ́n ń pè é ní hítà olówó pọ́ọ́kú, inú ń bí mi sí wọn gan-an. Ìkòkò kì í fi kún ooru àbẹ́là, iná tó lè jó ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́ èèyàn láti sùn tì.

Iná yẹn gan-an sì ń bu omi kún omi. Gáàsì tó bá jó máa ń di omi: kílò kan á mú omi tó lé ní lítà kan àtààbọ̀ wá, á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, á sì padà di ìrì lára irin tó tutù. Ẹ wá fi èémí ẹni méjì kún un, èyí tó lè tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́jú. Òrùlé tó ń jò, ìgbà tí òjò bá rọ̀ ló ń jò. Tí omi bá wà lára irin ní àárọ̀ tí òjò ò rọ̀, èémí yín àti sítóòfù yín ni.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí omi náà rí ibi gbà jáde. Ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ kan nísàlẹ̀ àti òmíràn lórí òrùlé, lóru pàápàá. Ihò tí wọ́n dá sí ilẹ̀ ọkọ̀ fún gáàsì tó bá jò, ẹ má fi aṣọ dí i nítorí òtútù, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹ gbé fóòmù lé pákó tó ní àlàfo. Ẹ máa fi ọmọrí dé ìkòkò, ẹ má sì sá táwẹ̀lì sínú ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ìgbóná, hítà tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta tó sì ń tú èéfín síta ni kí ẹ ní kí oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí bá yín so, yálà ti dísẹ̀lì tàbí ti gáàsì. Ẹni tí òtútù ń mú jù nínú yín ni kó sùn jìnnà sí ihò afẹ́fẹ́, kó sì gba bùláńkẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹ má jà lórí pé kí ẹ dí i.

Kí ẹ tó ra hítà, ẹ ra àláàmù carbon monoxide. Èyí tí wọ́n kọ EN 50291-2 sí lára, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yìí. Àláàmù gáàsì tó ń jò yàtọ̀ sí i, ìyẹn ń wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i pé yóò parí iṣẹ́, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ tó gbéra lọ síbòmíràn. Tó bá ké lóru, ẹ má dúró wá ohun tó fà á. Ẹ jí ara yín, ẹ jáde, kí ẹ pe àwọn pànápaná láti ìta.